Bébà Tí Wọ́n Fi Wé Pátákó

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún o. Ṣé ara yín le? Ọwọ́ yín tó ń gbọ̀n ńkọ́, ṣé ó ti dáa díẹ̀? Ẹ bá mi kí màmá, ẹ ní kóòtù tí wọ́n rán fún mi ti dé, ó sì bá mi mu bíi pé mo dúró níwájú wọn kí wọ́n tó gé e. Àlàáfíà ni mo wà. Yàrá tí mo ń gbé kéré, àmọ́ fèrèsé ẹ̀ tóbi. Ẹsẹ̀ mi nìkan ló máa ń tutù.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyí. Ọdún tó kẹ́yìn ni mo wà yìí níléèwé iṣẹ́ ọnà níbí lókè òkun, àwọn olùkọ́ ò sì ní fún wa níṣẹ́ ṣe mọ́. Kálukú ló máa wá iṣẹ́ tara ẹ̀. O máa mú ọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ ọ́ lọ́kàn, o máa wádìí ẹ̀ dé gbòǹgbò, o máa kọ ohun tí o rí àti ohun tí o rò sínú ìwé kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn náà lo máa wá fi ọwọ́ ara ẹ ṣe iṣẹ́ ọnà jáde látinú ẹ̀. Tó bá di oṣù kẹfà, wọ́n á gbé gbogbo ẹ̀ sí gbọ̀ngàn kí aráyé wá wò ó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa sọ bóyá mo yege tàbí mo fìdí rẹmi.

Olùkọ́ mi, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, bi mí pé kí ni mo fẹ́ ṣe. Mo ní mo fẹ́ ya òdòdó. Ó wò mí títí. Ó ní, "Mi ò bi ọ́ ní ohun tó rẹwà. Kí ló ń bí ọ nínú?" Bàbá mi, mi ò ronú kí n tó dárúkọ Ọ̀gá.

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Ọdún mọ́kànlá lẹ fi ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ẹ kọ pátákó fún gbogbo ọlọ́jà ìlú, òun á fi ọ̀dà pa orúkọ yín rẹ́, á kọ tiẹ̀ lé e. Mo fẹ́ gba orúkọ yín padà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn. Níbi tí ojú pọ̀ sí ni mo sì ti fẹ́ gbà á. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó ń ṣe mí bíi kí n fi ojú ẹ̀ gbolẹ̀ kó tó kú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi pátákó oníbúrẹ́dì ránṣẹ́ sí mi, èyí tó wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù ní yàrá ẹ̀yìn, tí obìnrin kan gbé apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì lọ́wọ́. Kí ẹ sì ṣàlàyé bí ẹ ṣe máa ń ṣe é, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ má pè mí lórí fóònù o. Olùkọ́ mi ní ohun tí mo bá gbọ́ lẹ́nu lásán ò wúlò, àfi kó wà lákọsílẹ̀ tí mo lè lẹ̀ mọ́nú ìwé iṣẹ́ mi.

Èmi ni, ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù kejì

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, ilé kí ọ. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n, nítorí náà bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ìyá rẹ ń kọ ọ́, bí a ti máa ń ṣe. Nígbà tó ka lẹ́tà rẹ sí mi létí, mo ní kó tún un kà. Èmi tí wọ́n ń wò bí ẹni tí ayé ti gbàgbé, mo ti ní ọmọ tó máa gbẹ̀san mi.

Ọ̀gá pé àádọ́rin ọdún lóṣù tó kọjá. Oníwèé ìròyìn wá yà á ní fọ́tò níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì dání bí ẹni mú ṣíbí. Wọ́n ní gbọ̀ngàn ìlú máa kó pátákó rẹ̀ méjìlá pa mọ́ fún ìrántí. Pátákó ta ni? Pátákó mi ni. Ọjọ́ méjì ni oúnjẹ ò fi gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ. Ìyá rẹ ní kí n gbàgbé ẹ̀. Obìnrin ò lè mọ bó ṣe ń dunni tó kí wọ́n gba iṣẹ́ ọwọ́ ẹni lọ́wọ́ ẹni.

O bi mí bí mo ṣe ń ṣe é. Kò sí àlàyé níbẹ̀, ẹ̀bùn ni. Mo máa wo pátákó náà fún ìgbà díẹ̀, mo máa mí kanlẹ̀, ọwọ́ mi á sì máa sáré lọ fúnra ẹ̀. Kọ ọ́ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Pátákó náà ti wà lọ́nà. Oníbúrẹ́dì ló fún mi padà lọ́jọ́ tó ti ilé búrẹ́dì rẹ̀ pa. Èmi ni mo wé e fúnra mi, pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n yìí náà. Mo ní kí ìyá rẹ bá mi wá bébà tí kò wúlò, ó sì kó ìdì kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo wé e nípọn, kò lè họ. Bó bá ti dé, bó orúkọ olè yẹn kúrò lára rẹ̀. Tèmi wà lábẹ́ rẹ̀.

Bàbá rẹ.

Màmá rẹ náà kí ọ. Má da àwọn bébà tó wà lára pátákó náà nù.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Pátákó ti dé, kò họ níbì kankan. Èmi àti bàbá àgbà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà iléèwé la jọ gbé e gòkè dé yàrá iṣẹ́. Gbogbo ibi tí àtẹ̀gùn ti yípo ló ti ń dúró, ó ní ó ń rẹ òun, àmọ́ obìnrin oníbúrẹ́dì yẹn ló ń wò. Ó ní ó ń rẹ́rìn-ín sí òun.

Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi bó orúkọ Ọ̀gá. Mo wé òwú mọ́ orí igi tín-ín-rín, mo ń tì í bọ inú omi tí wọ́n fi ń fọ ọ̀dà, mo ń yí i lórí pátákó díẹ̀díẹ̀, mi ò kánjú. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹsẹ̀ lẹ́tà pupa kan yọ. Lọ́jọ́ kẹfà, orúkọ yín jókòó síbẹ̀ gan-an bí ẹ ṣe sọ. Mo sunkún, lẹ́yìn náà mo rẹ́rìn-ín. Mo kó gbogbo òwú tó ti dúdú yẹn sínú ìgò, mo dé e pa. Orúkọ Ọ̀gá ló wà nínú ìgò yẹn. Mo fẹ́ gbé e kalẹ̀ níbi àfihàn, kí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ wò ó bí wọ́n ṣe ń wo kòkòrò.

Ohun tó kù ni pé olùkọ́ mi ò gbà fún mi. Mo ti ya Ọ̀gá lẹ́ẹ̀mẹrin, mo ya eyín ẹ̀ gùn, mo ya ìka ẹ̀ bí ìka olè. Ó wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní, "Èébú lèyí. Iṣẹ́ dà?" Ó ní mo mọ ẹni tí mo kórìíra, àmọ́ mi ò tíì mọ ẹni tí mò ń jà fún. Kí n lọ mọ ọwọ́ tó ṣiṣẹ́ náà, kí n mọ ohun tó máa ń kọ́kọ́ ṣe àti ibi tó ti kọ́ ọ. Ó wá na ìka sí aṣọ obìnrin orí pátákó. Ó ní, "Wo bí apá aṣọ yẹn ṣe wọ èjìká. Ẹni tó ya èyí ti rán apá aṣọ rí." Mo ní rárá o, bàbá mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́.

Nítorí náà, ẹ gbà mí. Báwo ni àwọn lẹ́tà yìí ṣe dọ́gba tó báyìí, ṣé rúlà lẹ fi ń ṣe é ni? Mo ní fọ́tò ilé búrẹ́dì yẹn lọ́wọ́, pátákó mẹ́ta ló wà níwájú ẹ̀, ojú obìnrin kan náà ló wà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ìyàtọ̀ tó tó ojú abẹ́rẹ́. Báwo lẹ ṣe ya ojú kan lẹ́ẹ̀mẹta? Kí sì ni àwọn bébà tí ẹ fi wé e? Ihò wẹ́wẹ́ ló kún ara wọn.

Mo ti ń kọ lẹ́tà tí mo máa fi ránṣẹ́ sí gbọ̀ngàn ìlú. Bí mo bá ti mọ èyí tán, màá fi ránṣẹ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti lé ní oṣù kan tí mo ti kọ̀wé, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ṣé kò sí wàhálà? Bó bá jẹ́ ara ni kò yá, ẹ ní kí màmá fi ìlà kan péré tó mi létí. Bó bá jẹ́ ìbéèrè mi ló bí yín nínú, ẹ ṣáà sọ fún mi. Gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ló ti ń ṣiṣẹ́ lórí ohun tí wọ́n máa gbé jáde. Ìgò òwú nìkan ló wà lórí tábìlì tèmi.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹta, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Ara mi le. Inú ló ń bí mi. Mo rán ọ níṣẹ́ pé kí o lọ mú olè, o wá padà wá sọ́dọ̀ mi, o ń bi mí bí ọlọ́pàá. Sọ fún olùkọ́ rẹ pé mi ò sí ní kíláàsì rẹ̀. Mi ò lo rúlà. Pẹ́ńsùlù ni mo máa fi ń yà á ní tààràtà sórí pátákó, ojú mi ló jẹ́ rúlà. Bí mo bá ti ya ojú èèyàn lẹ́ẹ̀kan, mo lè yà á nígbà ẹgbẹ̀rún. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Ní ti bébà, ìdọ̀tí ni. Pàǹtírí ìránṣọ ìyá rẹ ni, wọn ò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú iṣẹ́ mi, mi ò rí wọn rí. Jù wọ́n nù. Ṣé bébà tí wọ́n fi wé ẹrù ló yẹ kó máa gba àkókò lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbẹ̀san?

Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé wọ́n máa gbé iṣẹ́ mi kọ́ lókè òkun. Mo ti ní kí káfíńtà kan férémù sílẹ̀, ìṣó ti wà lára ògiri pálọ̀. Fọ́tò ibi àfihàn ni kí o fi ránṣẹ́, kí pátákó mi yọ dáadáa nínú rẹ̀.

Bàbá rẹ.

Màmá rẹ kí ọ. Mo kọ ọ́ bí ó ṣe sọ ọ́ gan-an, mi ò yọ ọ̀rọ̀ kan, mi ò fi ọ̀rọ̀ kan kún un.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù karùn-ún

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣọ́ọ̀bù yín ni mo fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí, kó má bàa kọ́kọ́ bọ́ sọ́wọ́ bàbá.

Ọjọ́ tí mo ka lẹ́tà bàbá, mo tẹ́ àwọn bébà yẹn sílẹ̀ ní yàrá iṣẹ́, mo fi áyọ́ọ̀nù tí ò gbóná jù lọ̀ wọ́n. Mo mú èyí tó tóbi jù lọ, mo gbé e sójú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ gba inú àwọn ihò náà kọjá, mo sì rí i pé ojú èèyàn ni. Obìnrin oníbúrẹ́dì ló ń wò mí. Mo gbé e lé orí pátákó. Ìpéǹpéjú bọ́ sórí ìpéǹpéjú. Ìka márùn-ún bọ́ sórí ìka márùn-ún. Mo mú bébà tó ní àwọn lẹ́tà orí pátákó, ìlà kọ̀ọ̀kan wọlé síbi tiẹ̀. Lábẹ́ etí obìnrin náà, níbi tí ọ̀dà ti fẹ́lẹ́, mo rí àmì ṣọ́ọ̀kì búlúù, irú èyí tí ẹ fi ń sàmì sára aṣọ.

Gbogbo ohun tó wà lórí pátákó yẹn ló ní ihò tiẹ̀. Orúkọ bàbá nìkan ni kò ní.

Mo wọn àwọn ihò yẹn, wọ́n dọ́gba láti òkè délẹ̀. Ọwọ́ èèyàn kì í gún nǹkan báyẹn. Máṣíìnì ló gún un. Mo wá rántí pé nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ máa ń rán bébà, mo sì máa ń bi yín pé ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́, ẹ̀rín lẹ máa ń rín.

Ṣé ẹ̀yin ni? Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí ló dé tí ẹ fi jẹ́ kí n máa kórìíra ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò kàn láti kékeré? Kí ló dé tí ẹ fi ń fi ọwọ́ ara yín kọ irọ́ yẹn ránṣẹ́ sí mi? Inú yín ń bí mi, màmá. Inú ara mi náà ń bí mi.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Oníbàárà kan jókòó, ó ń dúró de aṣọ rẹ̀, mo ní kó lọ padà wá lọ́la. Mo ti ilẹ̀kùn, mo kà á. O béèrè bóyá èmi ni. Èmi ni.

Ó pẹ́ kí o tó béèrè. Láti oṣù kìíní tí o ti ń kọ̀wé, bàbá mi, bàbá mi. "Ẹ bá mi kí màmá." Èmi ni mò ń kà á, èmi ni mò ń kọ èsì, kò sì wá sí ọ lọ́kàn pé kí o bi ẹni tó ń kọ̀wé náà ní nǹkan kan. Èyí tó ń bí ọ nínú sí mi, fi í sápá kan. Tèmi náà wà nílẹ̀ fún ọ.

Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é. Mo máa fi pẹ́ńsùlù yà á sórí bébà ńlá nílé. Mo máa yọ òwú kúrò lójú abẹ́rẹ́, mo máa wa máṣíìnì lórí ìlà náà, abẹ́rẹ́ á máa gún un lọ. Mo máa lọ ṣọ́ọ̀kì kúnná, mo máa dì í sínú àpò aṣọ kékeré. Wọ́n á gbé bébà lé pátákó, wọ́n á fi àpò yẹn lù ú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ṣọ́ọ̀kì á gba inú ihò sọ̀kalẹ̀. Bí wọ́n bá ká bébà kúrò, àwòrán ti wà níbẹ̀. Ó ku ọ̀dà. Bàbá rẹ ló ń kun ọ̀dà, mi ò ní gba tiẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ ọ̀dà í kùn, ó mọ bí wọ́n ṣe ń po àwọ̀ ara èèyàn. Àmọ́ bó bá ya adìẹ, o máa rò pé bàtà ni.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, a fẹnu kò pé orúkọ méjèèjì la máa kọ. Pátákó oníbúrẹ́dì tó wà lọ́dọ̀ rẹ yẹn ni àkọ́kọ́. Mo ṣe bébà rẹ̀ tán, mo wọ ilé ìwòsàn lọ bí ọ. Ọjọ́ kẹrin, mo gbé ọ dé, wọ́n ti gbé e kọ́. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ní àyè ò gba orúkọ méjì. Wo ẹ̀gbẹ́ orúkọ yẹn dáadáa. Àyè tó wà níbẹ̀ gba mẹ́ta. Mo ní ọmọ tuntun lọ́wọ́, ó rẹ̀ mí, mo dákẹ́. Pátákó kejì dé, mo tún dákẹ́. Nígbà tó yá, ó di pé bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní mo fẹ́ dójú ti ọkọ mi.

Ọ̀gá mọ̀. Ó wá sílé lọ́jọ́ kan, ó bá mi nídìí máṣíìnì, ó sì rí bébà. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń kọ orúkọ tiẹ̀ lé ti bàbá rẹ, tó fi mọ́ orí àwọn tí wọ́n ti gbé kọ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ yarí, Ọ̀gá bi í pé ṣé òun ló yà á. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè pè é lẹ́jọ́ níbì kankan. Ilé yìí ló gbé ẹjọ́ náà wá, ọdún mẹ́rìnlélógún ló sì fi ń rò ó sí mi létí lójoojúmọ́, pé wọ́n gba iṣẹ́ ọwọ́ òun.

Màá sọ èyí tó kù fún ọ. Kò ṣèèṣì wé bébà yẹn mọ́ pátákó. Mo ní bébà míì nílé. Nígbà tó ní kí n wá èyí tí kò wúlò, mo kó ìdì yẹn jáde, mo tẹ́ wọn síwájú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì dúró. Mo ní lọ́kàn ara mi pé bó bá mọ̀ ọ́n, bó bá sọ ọ̀rọ̀ kan péré, màá dárí jì í. Ó mú bébà ojú obìnrin yẹn, ojú tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn lẹ́ẹ̀mẹta, ó yí i síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Ṣé èyí nípọn tó?" Ló bá fi wé e.

Wọ́n lè sọ fún ọ pé bàbá rẹ ti dàgbà, kí a fi í sílẹ̀. Mi ò tíì ṣe tán. Mi ò fẹ́ èébú, má ya eyín rẹ̀ gùn. Mo fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà nínú gbọ̀ngàn àfihàn yẹn, kí ojú kankan má sì rí i, bí tèmi ṣe wà ní gbogbo ìlú yìí. Ìwọ lo kàwé, ìwọ lo máa mọ bí o ṣe máa ṣe é.

Férémù ti fẹ́ parí. O mọ̀ pé etí káfíńtà ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́, nítorí náà ariwo ni bàbá rẹ fi ń ṣàlàyé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún un. Gbogbo ojúlé ló ń gbọ́. Fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí i. Má jẹ́ kó pẹ́.

Ìyá rẹ.


Ogúnjọ́, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Màmá ló máa ka lẹ́tà yìí sí yín létí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á dé òpin. Mo yege. Fọ́tò tí ẹ béèrè wà nínú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ ń wò. Àwọn bébà tí ẹ ní kí n jù nù ló wà láàárín gbọ̀ngàn, mo so wọ́n rọ̀ láti òkè àjà, mo tan iná sẹ́yìn wọn. Ihò kọ̀ọ̀kan ló ń tàn. Àwọn èèyàn ń dúró níwájú obìnrin oníbúrẹ́dì yẹn, wọn ò sì tètè ń lọ. Olùkọ́ mi dúró pẹ́ jù lọ. Ó ní, "O ti wá mọ ẹni tí ò ń jà fún." Ìwé iṣẹ́ mi wà lórí tábìlì, ó ṣí sílẹ̀ níbi tí mo lẹ lẹ́tà yín ti oṣù karùn-ún mọ́, níbi tí ẹ ti sọ pé ìdọ̀tí ni wọ́n àti pé ẹ ò rí wọn rí. Wọ́n ń kà á, wọ́n ń wo bébà, wọ́n tún ń kà á. Wọ́n ní ẹni tó kọ lẹ́tà náà mọ̀wé kọ. Mo ní ẹni tó ya bébà náà ni.

Pátákó yín wà níbẹ̀. Mo kọjú ẹ̀ sí ògiri. Orúkọ yín wà lára ẹ̀ ní mímọ́, mi ò fọwọ́ kàn án, ògiri ló ń wò ó. Ìgò Ọ̀gá wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ wà pọ̀.

Mo kọ èyí sára ògiri: orúkọ màmá ní kíkún, àti pé aránṣọ ni wọ́n, àwọn ló ya àwòrán, àwọn ló kọ lẹ́tà. Lábẹ́ ẹ̀ mo kọ ọ́ pé: ọkọ rẹ̀ ló bá a kun ọ̀dà.

Mo ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí gbọ̀ngàn ìlú nípa pátákó méjìlá yẹn. Kì í ṣe orúkọ yín ni mo ní kí wọ́n fi rọ́pò ti Ọ̀gá.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kìíní, oṣù keje

Ọmọ mi

Èmi ni mò ń kọ èyí fúnra mi. Ìyá rẹ ní ọwọ́ òun dí. Òwúrọ̀ méjì ni mo ti wà lórí rẹ̀.

Fọ́tò dé. Ẹ̀yìn pátákó ni mo rí. Èmi ni mo kun ọ̀dà yẹn. Gbogbo rẹ̀. Oòrùn ń pa mí lórí àkàsọ̀. Ọ̀dà yẹn ló ba ọwọ́ yìí jẹ́. O ò ro ìyẹn.

O kọ ọ́ pé ọkọ rẹ̀. Mo ní orúkọ.

Yí pátákó yẹn padà.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù keje

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí ọ kú orí ire. Bàbá rẹ fún mi ní lẹ́tà kan kí n bá a fi ránṣẹ́, mi ò tú u, mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bó bá wọ́, bó bá rún, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe nìyẹn.

Mo ka tìrẹ sí i létí bí o ṣe wí, mo kà á dé òpin. Nígbà tí mo dé ibi orúkọ mi, mo kà á bí ẹni ń pe ọmọ níléèwé. Nígbà tí mo dé ibi "ọkọ rẹ̀", mo tún un kà, mo ní bóyá kò gbọ́. Ó ní òun gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn ó ń jẹun, ó ń wẹ̀, kò bá mi sọ̀rọ̀. Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Èmi náà ti dákẹ́ rí, mo mọ bó ṣe máa ń rí.

Ní àná, káfíńtà gbé férémù dé. Bàbá rẹ ní kó gbé e padà. Mo ní rárá, ìṣó ti wà lára ògiri. Èmi ni mo ki fọ́tò náà bọ̀ ọ́, mo gbé e kọ́ síwájú àga tó máa ń jókòó sí. Mo padà sídìí máṣíìnì, mo ń ṣẹ́ etí aṣọ kan.

Káfíńtà sún mọ́ ọn, ó wò ó títí. Ó ní, "Ẹ̀yìn pátákó ni mò ń wò yìí o. Àwọn bébà tó ń tàn yìí ńkọ́, iṣẹ́ ọwọ́ ta ni?" Bàbá rẹ wo fọ́tò, ó wo ilẹ̀, ó wá wò mí. Ó fẹ́ kí n bá a dáhùn, bí mo ṣe máa ń bá a kọ̀wé. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì kí ilé lè dákẹ́.

Ó ní, "Ìyàwó mi ni."

Káfíńtà ní, "Ta ni ẹ pè?"

Mo ní kó tún un sọ, kó gbé ohùn sókè, kó sì dárúkọ mi.

Ìyá rẹ.